Àṣẹ Lọ́wọ́ Ta? Ìtàn Agbára Ìṣàkóso nínú Ìjọba Orílẹ̀-èdè àti Ìjọba Ìbílẹ̀ Ilẹ̀ Ireland

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 25, oṣù karùn-ún, ọdún 1921, àwọn ọmọ ogun tí ń jà fún òmìnira ilẹ̀ Ireland dáná sun ilé ńlá kan ní etí odò Liffey ní ìlú Dublin. Custom House ni wọ́n ń pe ilé náà. Inú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń darí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ireland, ibẹ̀ náà sì ni àkọsílẹ̀ wọn wà. Àwọn tí ó ṣiná sí i fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ àjèjì, pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ará ìlú fi ìbò yàn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, àwọn aṣáájú kan náà, tí àwọn fúnra wọn ti wá di ìjọba, bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ká, wọ́n sì ń fi òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́pò odindi ìgbìmọ̀.

Láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí ni ètò kan ti jáde tí ó ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ náà títí di òní. Ní ìpele orílẹ̀-èdè, ìwé òfin fi àṣẹ ìṣàkóso sọ́wọ́ àwọn tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí, tí ilé náà sì lè lé lọ. Ní ìpele ìbílẹ̀, ẹni tí kò du ipò rí lójú ará ìlú ni ó ń buwọ́ lu ìwé tí a fi ń fún tálákà ní ilé, òun ni ó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, òun náà ni ó sì ń sọ bóyá onílẹ̀ lè kọ́lé sórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Bí ọ̀nà méjèèjì ṣe yà síra, àti ohun tí ìyapa náà ná àwọn ará Ireland, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ìgbìmọ̀ tí Kò Ní Aláṣẹ Kan Pàtó

Kí ọdún 1898 tó dé, àwọn onílẹ̀ ńláńlá ni ó ń pín owó ọ̀nà àti owó afárá ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn wọ́n. Òfin ọdún 1898 gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó dá ìgbìmọ̀ agbègbè sílẹ̀, ìdìbò àkọ́kọ́ sì wáyé ní ọdún 1899. Lábẹ́ òfin yìí, ìgbìmọ̀ lápapọ̀ ni aláṣẹ. Alága ń darí ìpàdé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé ń kọ ohun tí a bá fẹnu kò sí. Bí wọ́n bá fẹ́ gba dókítà tàbí akọ̀wé kan, ìbò àwọn kánsẹ́lọ̀ ni yóò pinnu. Àǹfààní èyí hàn kedere: àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò kéékèèké tí a kò kà sí tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí owó ìlú. Àléébù rẹ̀ náà kò fara sin. Ẹni tí ó ní ẹbí púpọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ni iṣẹ́ ń bọ́ sí lọ́wọ́, nígbà tí nǹkan bá sì bàjẹ́, kò sí ẹni kan pàtó tí a lè nàka sí.

Ní ọjọ́ 21, oṣù kìíní, ọdún 1919, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ Sinn Féin tí wọ́n wọlé ìbò kọ̀ láti lọ jókòó ní London. Wọ́n pe ìpàdé tiwọn ní Dublin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dáil Éireann, èyí tí í ṣe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Ireland. Wọ́n yan àwọn mínísítà láàárín ara wọn. Púpọ̀ nínú àwọn mínísítà yìí kò ní nǹkan kan tí wọn yóò ṣàkóso, nítorí pé ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọlọ́pàá, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé owó ìjọba wà. Ti mínísítà ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀. Ní ọdún 1920, Sinn Féin borí nínú ìdìbò ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbìmọ̀ ìlú àti ti agbègbè, àwọn ìgbìmọ̀ náà sì kéde pé Dáil ni àwọn yóò máa gbọ́ tirẹ̀, kì í ṣe Custom House. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá owó ìrànwọ́ dúró, ṣùgbọ́n àwọn ìgbìmọ̀ kò padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn.

W. T. Cosgrave, ẹni tí ó ti jẹ́ kánsẹ́lọ̀ ní Dublin láti ọdún 1909, ni mínísítà náà. Kevin O'Higgins ni igbá-kejì rẹ̀. Ọkùnrin méjèèjì yìí ni ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ìgbìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n gba owó orí ilé, kí wọ́n sì dín ìnáwó kù. Wọ́n rí inú ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ju bí ó ti yẹ kí ọ̀rẹ́ rí inú ọ̀rẹ́ lọ. Àwọn tí ó mọyì ìgbìmọ̀ jù lọ nígbà ogun ni ó wá di ẹni tí kò fọkàn tán wọn mọ́ nígbà àlàáfíà.

Ìtúká Àwọn Ìgbìmọ̀

Wọ́n buwọ́ lu àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6, oṣù kejìlá, ọdún 1921. Àdéhùn náà pín àwọn ajàjàgbara sí méjì, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1922. Nígbà tí ogun náà yóò fi parí ní ọdún 1923, ọ̀pọ̀ agbègbè kò san owó orí ilé mọ́, ọ̀nà àti afárá ti bàjẹ́, gbèsè sì ti wọ ìjọba tuntun lọ́rùn. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1923 fún mínísítà ní agbára láti tú ìgbìmọ̀ tí kò bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ká, kí ó sì fi kọmíṣánnà rọ́pò rẹ̀. Kerry àti Leitrim wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fara gbá a. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1924, ó kan Dublin gan-an, olú-ìlú. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó kan Cork.

Àlàyé tí ìjọba ṣe ni pé ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ń fi owó ìlú ṣòfò, àti pé ojúsàájú pọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń gbani síṣẹ́. Àwọn alátakò ní irọ́ ni, pé ìjọba kò fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn tí kò fara mọ́ àdéhùn náà ni. Bóyá ni a lè fi ọ̀kan nínú àlàyé méjèèjì yìí nìkan tú ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé ìgbìmọ̀ Dublin ń ṣe ìpinnu tí ń ta ìjọba létí lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n. Òótọ́ náà sì ni pé àwọn kọmíṣánnà mẹ́ta tí wọ́n fi sípò ní Dublin mú kí ìgboro mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí owó orí ilé sì dín kù. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ọ̀pọ̀ ará ìlú kò bínú. Wọn kò tú síta láti béèrè fún ìgbìmọ̀ wọn. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó kọ́ ìjọba pé a lè mú àṣẹ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí a yàn láìsí wàhálà.

Ní Cork, Philip Monahan ni kọmíṣánnà. Ó ti ṣe méyọ̀ ìlú Drogheda rí. Àwọn oníṣòwò Cork fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn amòfin ìlú náà, John J. Horgan, sì ti ń polongo ètò kan tí ó rí ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1908 ni ìlú Staunton ní ìpínlẹ̀ Virginia ti gba mánẹ́jà kan láti máa ṣàkóso ìlú bí ẹni ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́. Dayton ní Ohio ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1914, lẹ́yìn omíyalé ńlá tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Òfin tí wọ́n ṣe fún Cork ní ọdún 1929 gbé ètò yìí wọ Ireland, Monahan sì ni mánẹ́jà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣubú sínú òkun lójú ọ̀nà. Ní Dayton, àwọn tí ará ìlú yàn ni ó ń gba mánẹ́jà síṣẹ́, àwọn náà ni ó sì lè dá a dúró nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni. Ní Cork, òfin fúnra rẹ̀ ni ó pín iṣẹ́ sí méjì: díẹ̀ fún ìgbìmọ̀, gbogbo ìyókù fún mánẹ́jà. Àwọn kánsẹ́lọ̀ kò yàn án, wọn kò sì lè yọ ọ́ bí mínísítà kò bá fọwọ́ sí i. Orúkọ kan náà ni àwọn ìlú méjèèjì ń lò, àmọ́ ohun tí orúkọ náà dúró fún yàtọ̀ pátápátá.

Alákòóso Ilé-ìkàwé ní Mayo

Ìtàn kan wà tí àwọn tí ń kọ nípa àkókò yìí kì í fojú fò, ó sì tọ́ kí a dúró lórí rẹ̀. Láti dẹ́kun ojúsàájú, òfin ọdún 1926 dá àjọ kan sílẹ̀ ní Dublin tí yóò máa ṣe ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún àwọn tí ń wá iṣẹ́ gíga nínú ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí àjọ náà bá dárúkọ ni ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Ní ọdún 1930, wọ́n dárúkọ Letitia Dunbar-Harrison fún ipò alákòóso ilé-ìkàwé agbègbè Mayo. Obìnrin náà kàwé ní Trinity College, ó jẹ́ ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, kò sì gbọ́ èdè Gaeilge tó. Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Mayo, àwọn tí ń sọ èdè Gaeilge sì pọ̀ níbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ Mayo kọ̀ ọ́. Èdè ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Àwọn àlùfáà tí ó wà lára àwọn tí ń bójú tó ilé-ìkàwé kò sì fi bò pé ẹ̀sìn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò yẹ kí a sọ pé ọ̀rọ̀ èdè kò já mọ́ nǹkan kan; ìwé wo ni alákòóso tí kò gbọ́ èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò yàn fún wọn? Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí wọ́n ṣe tètè fi èdè sílẹ̀ tí wọ́n gbá ẹ̀sìn mú, a ó rí i pé aṣọ ni èdè jẹ́, ẹ̀sìn ni ara tí wọ́n fi aṣọ náà bò. Ìjọba Cosgrave kò gbà. Ní òpin ọdún 1930, wọ́n tú ìgbìmọ̀ Mayo ká, kọmíṣánnà tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sì gba obìnrin náà síṣẹ́. Àwọn ará agbègbè kọ ẹ̀yìn sí ilé-ìkàwé. Ọ̀pọ̀ ibùdó tí wọ́n ti ń yá ìwé ni ó ti ilẹ̀kùn.

Éamon de Valera, olórí alátakò, dúró ti àwọn ará Mayo. Ó ní bí alákòóso ilé-ìkàwé bá jẹ́ olùkọ́ fún àwùjọ Kátólíìkì, àwùjọ náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún ẹlẹ́sìn wọn. Ìjọba pàápàá kò lè dúró pẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1932, wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ilé-ìkàwé àwọn ológun ní Dublin. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni ìdìbò gbogbogbòò wáyé, Cosgrave sì pàdánù ìjọba.

Nínú ìjà yìí, ìgbìmọ̀ tí ará ìlú yàn ni ó fẹ́ fi ẹ̀sìn du obìnrin kan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìjọba tí ó tú ìgbìmọ̀ ká ni ó sì gbèjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ibi gbogbo tí àṣẹ bá ti sún mọ́ ará ìlú ni òdodo ń gbé ní láti ka ìtàn Mayo.

Mánẹ́jà ní Gbogbo Agbègbè

Ẹgbẹ́ de Valera, Fianna Fáil, ti bú àwọn kọmíṣánnà púpọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní ẹgbẹ́ alátakò. Bí wọ́n ti dé orí àga, ọ̀rọ̀ yí padà. Dublin ti ní mánẹ́jà tirẹ̀ ní ọdún 1930. Limerick gba tirẹ̀ ní ọdún 1934, Waterford ní ọdún 1939. Ní ọdún 1940, ìjọba Fianna Fáil ṣe òfin tí ó mú ètò náà dé gbogbo agbègbè, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1942.

Bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ni ó ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná ọdún, àwọn ni ó ń ṣe òfin kéékèèké ìlú, àwọn ni ó ń gbà kí a yáwó. Nígbà tí ó sì yá, ètò bí ìlú yóò ṣe fẹ̀ wà lára iṣẹ́ wọn. Ohunkóhun tí òfin kò bá dárúkọ mọ́ tiwọn, ti mánẹ́jà ni. Mánẹ́jà kì í pàṣẹ lẹ́nu lásán: ó ní láti kọ àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó buwọ́ lù ú, kí ó sì pa ìwé rẹ̀ mọ́ níbi tí àwọn kánsẹ́lọ̀ yóò ti lè rí i. Ó ń jókòó nínú ìpàdé wọn, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í dìbò. Kánsẹ́lọ̀ tí opó kan bá bẹ̀ kí ó bá òun wá ilé kò lè fún un ní ilé. Ó lè kọ lẹ́tà sí mánẹ́jà nìkan. Báyìí ni kánsẹ́lọ̀ ṣe di alágbàwí. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni iṣẹ́ alágbàwí ní ìgbèríko, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ibẹ̀ dé Dáil, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ aláṣẹ.

Taoiseach àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ní ìpele orílẹ̀-èdè, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n tọ̀. Ìwé òfin ọdún 1922 fi àṣẹ ìṣàkóso sí orúkọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ni ó ń lò ó. Cosgrave, tí ó jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ náà, kò ní agbára láti lé mínísítà kan ṣoṣo lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1936, nígbà tí Ọba Edward kẹjọ fi orí oyè sílẹ̀, de Valera lo àǹfààní náà láti yọ ọba àti gómìnà àgbà kúrò nínú ìwé òfin pátápátá.

Ìwé òfin tuntun, Bunreacht na hÉireann, ni ará ìlú fi ìbò gbà ní ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 1937. Abala 28 rẹ̀ sọ pé Ìjọba ni yóò máa lo àṣẹ ìṣàkóso. Ọ̀rọ̀ náà ‘Ìjọba’, Rialtas ní èdè Gaeilge, kò tóbi níbẹ̀ tó bí ó ti tóbi ní èdè Yorùbá. Ènìyàn méje ó kéré tán, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó pọ̀ jù, ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ohùn kan sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ni yóò sì dáhùn fún Dáil. Olórí wọn ni Taoiseach, igbá-kejì rẹ̀ sì ni Tánaiste.

Orúkọ méjì yìí yẹ fún àkíyèsí onímọ̀ èdè. Aṣáájú ni Taoiseach túmọ̀ sí. Láyé àtijọ́, tánaiste ni ẹni tí wọ́n ń yàn láti inú ìdílé olóyè, nígbà tí olóyè ṣì wà láàyè, pé òun ni yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1937, Frank MacDermot rọ Dáil pé kí wọ́n lo orúkọ Gẹ̀ẹ́sì fún Taoiseach nínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ìwé òfin náà. Wọn kò gbà fún un. Títí di òní, àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ní Ireland kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìtumọ̀ tánaiste ni ó yí padà: nínú ìjọba alájọṣe, olórí ẹgbẹ́ mìíràn ni ó sábà máa ń jẹ́ Tánaiste.

Taoiseach lágbára ju Cosgrave lọ. Ó lè sọ fún mínísítà kí ó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Bí mínísítà bá kọ̀, Ààrẹ yóò yọ ọ́ bí Taoiseach bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ààrẹ fúnra rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń dìbò yàn, kò ní àṣẹ púpọ̀. Ọ̀kan nínú díẹ̀ tí ó ní ni pé ó lè kọ̀ láti tú Dáil ká fún Taoiseach tí kò ní ọ̀pọ̀ aṣòfin lẹ́yìn mọ́. Agbára tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò yìí ti fa ìjà rí. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 1982, ètò ìṣúná ìjọba Garret FitzGerald ṣubú pẹ̀lú ìbò 82 sí 81. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn kan láti Fianna Fáil ń tẹ Ààrẹ Patrick Hillery láago pé kí ó má tú Dáil ká. Hillery tú u ká. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, Brian Lenihan, Tánaiste, ń du ipò Ààrẹ, ó ní òun kò tẹ Hillery láago; ohùn rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti gbà sílẹ̀ sọ pé ó tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1990, Taoiseach Charles Haughey, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, mú kí wọ́n yọ ọ́. Mary Robinson ni ó sì wọlé.

Bí àṣẹ yìí ṣe ń ká jọ sọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀ hàn jù lọ ní òru ọjọ́ 29 mọ́jú ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2008. Ilé ìfowópamọ́ mẹ́fà wà nínú ewu. Taoiseach Brian Cowen àti mínísítà ètò owó, Brian Lenihan kékeré, ọmọ ẹni tí a dárúkọ lókè yìí, jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ràn wọn. Nígbà tí ìpinnu yóò fi dé, orí tẹlifóònù ni wọ́n ti gba ìfọwọ́sí àwọn mínísítà tí kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi orúkọ ìlú ṣe onídùúró fún tó nǹkan bí bílíọ̀nù 440 owó euro. Dáil ṣe òfin lé e lórí lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Abala Kẹrin

Ó tọ́ kí a padà sí ìbílẹ̀. Àwọn kánsẹ́lọ̀ kò yé ráhùn, ìjọba sì ṣe òfin kan ní ọdún 1955 tí abala kẹrin rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lè fi ìbò pàṣẹ fún mánẹ́jà pé kí ó ṣe ohun kan pàtó. Ó dà bí ẹni pé àṣẹ ti padà sílé. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1990, ibi tí wọ́n ti lo abala yìí jù ni ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́: mánẹ́jà yóò ní òun kò gbà, àwọn kánsẹ́lọ̀ yóò ní ó gbọ́dọ̀ gbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Agbára mìíràn tí ó jẹ́ tiwọn, ìyẹn sísọ ilẹ̀ oko di ilẹ̀ ilé kíkọ́, ni rìbá gba wọlé ní Dublin. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1997 kò parí iṣẹ́ rẹ̀ títí di oṣù kẹta ọdún 2012, ohun tí ó sì rí kò dára fún etí gbọ́. Òfin ọdún 2014 wá yọ ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́ kúrò nínú ohun tí kánsẹ́lọ̀ lè pàṣẹ lé lórí.

Ní gbogbo àkókò yìí ni ìjọba Dublin ń gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ìbílẹ̀. Ètò ìlera lọ lẹ́yìn òfin ọdún 1970. Owó orí ilé gbígbé ni wọ́n fagi lé ní ọdún 1978 láti mú ìlérí ìdìbò ṣẹ, ará ìlú sì yọ̀. Ìgbìmọ̀ tí kò ní owó tirẹ̀ di ẹni tí ń na ọwọ́ sí mínísítà. Kò sí owó orí ilé mìíràn tí ó rọ́pò rẹ̀ ní kíkún títí di ọdún 2013. Òfin ọdún 2014 pa ìgbìmọ̀ ìlú kéékèèké 80 rẹ́, ó sọ ìgbìmọ̀ 114 di 31, ó sì dín àwọn kánsẹ́lọ̀ kù láti 1,627 sí 949. Wọ́n sọ mánẹ́jà di ‘olórí aláṣẹ’. Orúkọ ni ó yí padà, iṣẹ́ kò yí.

Limerick

Ní ọjọ́ 24, oṣù karùn-ún, ọdún 2019, wọ́n bi àwọn ará Cork, Limerick àti Waterford léèrè bóyá wọ́n fẹ́ méyọ̀ tí àwọn fúnra wọn yóò dìbò yàn, tí yóò sì gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ olórí aláṣẹ. Limerick nìkan ni ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún márùn-ún kọjá kí ìdìbò náà tó wáyé, ní ọjọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 2024. John Moran, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, ni ó wọlé. Ó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ètò owó rí. Ẹni àkọ́kọ́ tí ará ìlú fi ìbò gbé àṣẹ ìṣàkóso ìbílẹ̀ lé lọ́wọ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́. Òṣìṣẹ́ àgbà kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àkóso àwọn òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ètò ìṣúná sì ṣì gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ kọjá.

Ní Cork, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi Monahan jẹ mánẹ́jà, àwọn tí ó sọ pé rárá kò fi ẹgbẹ̀rún ìbò kan ju àwọn tí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lọ. Olórí aláṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn ni ó ṣì ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ níbẹ̀.